Bí A Ṣe Yan Olùkọ́ Tó Tayọ Ní Ilé-Ìwé Kátólíìkì Wa: Ìrírí Mi

Sístà tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé wa ló ránṣẹ́ pè mí lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ sílé. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bójú tó ètò àmì-ẹ̀yẹ olùkọ́ ti ọdún yìí. N kò fẹ́ kó rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́."

Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó jẹ́ pé bí èsì ìdánwò àṣekágbá bá ti dé, a ó ka iye ọmọ tó yege lábẹ́ olùkọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù la ó gbé àmì-ẹ̀yẹ fún. Àwọn olùkọ́ kíláàsì tó kẹ́yìn ló sì ń gbà á lọ́dọọdún. Àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní A, B, D, àwọn tó ń gba ọmọ tó ń ké "màmá mi" mọ́ra ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ wọn. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi nígbà kan pé, "Àwa là ń gbìn, àwọn kan ló ń kórè." Kò fi ìbínú sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Mo gbà láti ṣe é. Kí n tó pe ẹnikẹ́ni jọ, mo kọ́kọ́ lọ wo ohun tí Ìjọ fúnra rẹ̀ ń retí lọ́wọ́ olùkọ́, nítorí bí a kò bá mọ ohun tí à ń wá, gbogbo ohun tó bá ń dán la ó máa gbé. Àkọsílẹ̀ Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ Kátólíìkì, lórí ẹ̀kọ́, tó jáde ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 1965, sọ ọ́ láìfi bò pé ọwọ́ àwọn olùkọ́ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kù sí pátápátá bóyá ilé-ìwé Kátólíìkì yóò ṣe ohun tí a torí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Ìwé Òfin Ìjọ ti ọdún 1983, ní òfin 803, ní kí olùkọ́ ta yọ nínú ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ tó yè kooro àti nínú ìwà títọ́. Òfin 806 sì ní ẹ̀kọ́ tí à ń kọ́ ọmọ níbẹ̀ kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí ti àwọn ilé-ìwé mìíràn tó wà ládùúgbò. Mo fẹ́ràn bí òfin méjèèjì ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Ẹni tó níwà ṣùgbọ́n tí kò mọ iṣẹ́ kọ́ ń ṣe ọmọ náà níbi. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kọ́ tí ẹnu rẹ̀ sì ń ba ọmọ lọ́kàn jẹ́, òun náà ń ṣe é níbi.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó là mí lójú jù ni èyí tí Póòpù Pọ́ọ̀lù Kẹfà kọ ní ọdún 1975. Wọ́n ní àwọn ènìyàn òde òní a máa fetí sí ẹlẹ́rìí ju bí wọ́n ti ń fetí sí olùkọ́ lọ, bí wọ́n bá sì fetí sí olùkọ́, nítorí pé òun náà jẹ́ ẹlẹ́rìí ni. Mo dáwọ́ ìwé kíkà dúró níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́rìí là ń wá, a jẹ́ pé àwọn tó rí i ló yẹ ká bi. Ìwé èsì ìdánwò kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn.

A jẹ́ ènìyàn márùn-ún nínú ìgbìmọ̀: èmi, fádà páríìṣì wa, òbí méjì, àti olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì. A fẹnu kò pé bí wọ́n bá dárúkọ ẹbí ẹnikẹ́ni nínú wa, onítọ̀hún yóò jáde síta nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹni náà. Èyí kò gbà wá ní àkókò rárá.

Fọ́ọ̀mù ló fún wa níṣẹ́. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ béèrè pé, "Kí ni ìdí tí ẹ fi rò pé olùkọ́ yìí yẹ fún àmì-ẹ̀yẹ?" Ìdáhùn ya wọlé bí omi òjò. "Akíkanjú ni." "Ó ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run." "Ó fẹ́ràn àwọn ọmọ wa, kí Olúwa bùkún un." Mo ka méjìlá tán ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo sì rí i pé bí mo bá pààrọ̀ orúkọ tó wà lórí wọn, kò sí ohun tí yóò yí padà. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àwọn tó kọ ọ́ kò purọ́, ṣùgbọ́n a kò lè fi yan ẹnikẹ́ni. Mo tún fọ́ọ̀mù náà kọ, mo sì fi ìbéèrè kan ṣoṣo sí i: "Ẹ sọ ohun kan tí ẹ fi ojú ara yín rí olùkọ́ yìí tó ṣe, ibi tó ti ṣe é, àti ohun tó yí padà lára ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀." A fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí, àwọn olùkọ́, olùtọ́jú ọgbà, àwọn tó ń dáná fún àwọn ọmọ, àti àwọn ọmọ kíláàsì òkè fúnra wọn. Bí ẹ bá ń ṣe irú ètò yìí, ẹ má yọ àwọn tó ń gbálẹ̀ àti àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sílẹ̀. Wọ́n mọ ẹni tó ń kí ènìyàn àti ẹni tí kì í kí. Wọ́n mọ ẹni tó ń dúró ti ọmọ tí òbí rẹ̀ pẹ́ kó tó dé.

Ìwé 37 ló padà wá, wọn kò sì jọra wọn mọ́.

Èyí tí mo fẹ́ sọ fún yín wá láti ọwọ́ ìyá ọmọ kan ní kíláàsì kejì. Ọmọ náà kò lè kàwé. Bó bá ti ṣí ìwé, ọ̀rọ̀ yóò dàrú mọ́ ọn lójú, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí ṣe àmúlò, kó máa sọ ohun tó rò pé ó wà níbẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ gé páálí pélébé kan, ó gbẹ́ ihò kékeré sí àárín rẹ̀, ihò tí kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Láràárọ̀, ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí agogo àsẹ́ńbílì tó lù, òun àti ọmọ náà yóò jókòó, wọn yóò gbé páálí náà lé orí ìwé, ọmọ náà yóò sì máa rí ọ̀rọ̀ kan, ẹyọ kan. Bó bá kà á tán, yóò sún páálí síwájú. Ìyá náà kọ ọ́ pé òun kò mọ̀ nípa rẹ̀ títí di ọjọ́ tí ọmọ gbé páálí náà wálé, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, tó sì ka orúkọ gbogbo wọn jáde láti inú Bíbélì ìdílé, níbi tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ sí. Nígbà tí mo ka ibi yìí, mo bọ́ gíláàsì ojú mi sílẹ̀.

Mo lọ wo kíláàsì náà. Sístà ní kí n má kéde, kí n kàn wọlé bí ẹni tó ń wá ìwé. Mo jókòó sẹ́yìn. Àǹtí, bí àwọn ọmọ ṣe ń pè é, ń tẹ̀ lé ìṣirò àròpọ̀ tí wọ́n ṣe. Kò fa ìlà pupa sí orí àṣìṣe. Ó kàn fi bírò ṣe àmì kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ìlà tí àṣìṣe wà, ó dá ìwé padà, ọmọ yóò fúnra rẹ̀ wá a kiri títí yóò fi rí i. Mo wo ọmọbìnrin kan tó tẹ̀ mọ́ ìwé rẹ̀, tó ń fi ìka tọ nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lójijì ló gbé orí sókè, ó ní, "Àǹtí, mo gbàgbé èyí tí mo gbé lọ!" Ayọ̀ tó wà lójú ọmọ tó rí àṣìṣe ara rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ojú ọmọ tí wọ́n fi àṣìṣe hàn.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n tó gbàdúrà ìparí, Àǹtí dúró níwájú kíláàsì, ó ní, "Lánàá, mo sọ pé ọmọ yìí ló da inki. Òun kọ́. Mo ṣẹ̀ ẹ́, mo sì bẹ̀ ẹ́." Ó wo ọmọ náà. Ọmọ náà mi orí, gbogbo wọn sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Òfin 803 sọ̀rọ̀ ìwà títọ́. Ohun tí mo rí nìyẹn.

Ìjíròrò wa kò lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn mẹ́ta la ya sọ́tọ̀, ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe ọmọ Ìjọ Kátólíìkì. Ìwé tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ lágbára gan-an. Òbí kan nínú ìgbìmọ̀ ní a kò gbọdọ̀ kà á kún, nítorí àmì-ẹ̀yẹ ilé-ìwé Kátólíìkì ni. Ó tọ́ka sí òfin, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Fádà ló bá wa là á yé ara wa: ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní katikísí, ìyẹn ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, òfin 804 ti sọ pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ta yọ nínú ẹ̀kọ́ òtítọ́ àti nínú ẹ̀rí ìgbé ayé onígbàgbọ́, a kò lè yí ìyẹn padà. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé tó gba ènìyàn síṣẹ́, tó mọ ìjọ tó ń lọ, tó sì gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, báwo ni yóò ṣe wá di ojú sí iṣẹ́ rere rẹ̀? A gbà pé kó wà nínú mẹ́ta náà. Ó dá mi lójú pé a kò ṣe àṣìṣe.

Níbi tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe àṣìṣe ńlá ni ìwé ìyá yẹn. Mo ti múra láti kà á sókè níwájú gbogbo ìjọ. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ló bi mí pé, "Ẹ ti béèrè lọ́wọ́ ìyá ọmọ náà bí?" Mi ò tíì béèrè. Nígbà tí mo lọ bá wọn, màmá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ẹ lè ka ti páálí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé ọmọ mi ni kò mọ̀wé kà." Ara mi bù máṣọ. Ọmọ ọdún méje ni ọmọ yẹn, àti pé bí mo bá kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́, orúkọ ìnagijẹ ni yóò fi kúrò níbẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ìwé tí a ń kà sókè tí a kò kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ àti lọ́wọ́ òbí ọmọ tó wà nínú rẹ̀, a sì ń yọ ohun gbogbo tó lè fi ọmọ hàn.

Ó ku ọjọ́ tí a ó ṣe é. Mo kọ́kọ́ fẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin, àjọ̀dún Ẹni Mímọ́ John Baptist de La Salle, àlùfáà tó dá ilé-ìwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tálákà, ṣùgbọ́n Ààwẹ̀ tàbí Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde sábà máa ń bọ́ sí i. A mú ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún, nítorí ọjọ́ yẹn ní ọdún 1950 ni Póòpù Pius Kejìlá sọ ẹni mímọ́ yìí di alábòójútó gbogbo olùkọ́. Ìtàn ọkùnrin yìí wọ̀ mí lára. Ọmọ olówó ni ní Reims, ilẹ̀ Faransé. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé nígbà tí òun kọ́kọ́ pàdé àwọn olùkọ́ ọmọ tálákà, òun kà wọ́n sí ẹni tó rẹlẹ̀ sí ìránṣẹ́ òun. Síbẹ̀ ó pè wọ́n wá jẹun lórí tábìlì rẹ̀, nígbà tó sì di ọdún 1681 ó ní kí wọ́n wá máa gbé inú ilé rẹ̀, inú àwọn ẹbí rẹ̀ kò sì dùn sí i rárá. Ó fi ipò rẹ̀ ní kàtídírà sílẹ̀, ó pín owó rẹ̀ fún àwọn tí ìyàn mú.

A ṣe Mísà. Lẹ́yìn ìbùkún, fádà pe àwọn mẹ́ta náà síwájú, mo sì ka ohun kan ṣoṣo nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé ibi páálí oníhò, Àǹtí bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òun la fún ní àmì-ẹ̀yẹ.

Ohun tí mo rò pé a ṣe dáadáa jù lọ kò sí nínú ètò. Olùkọ́ tí ẹnikẹ́ni kọ ìwé nípa rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ìwé kan ṣoṣo, a da ìwé náà kọ, a fi sínú àpò, a sì fi lé e lọ́wọ́ kó tó lọ sílé. Olùkọ́ ìṣirò kan wà tí ìwé kan péré jáde fún. Ìyá tó ń dáná ló kọ ọ́, pé ní gbogbo ọ̀sán ló máa ń wo àwo àwọn ọmọ láti mọ ẹni tí kò jẹun. Mo rí i lẹ́bàá fèrèsé lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti tú ká. Ó kà á tán, ó tún un kà láti òkè, ó wá ká a sí mẹ́rin, ó fi sí àpò àyà rẹ̀.