Ẹ má fi ilẹ̀ oko sílẹ̀ lófìfo
Ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá fẹ́ kí kábọ́ọ̀nù, èròjà tí ewéko ń fà láti inú afẹ́fẹ́, pẹ́ nínú ilẹ̀, ẹ gbin ohun tó ń fà bo ilẹ̀, bí ẹ̀wà, ní kété tí ẹ bá kórè tán, kí ẹ sì dín ilẹ̀ títú kù. Gbòǹgbò tó wà láàyè máa ń tú oje aládùn sílẹ̀, òun sì ni àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú ò rí ń jẹ. Bí wọ́n bá kú, òkú wọn á lẹ̀ mọ́ amọ̀, kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ á sì pẹ́ níbẹ̀. Koríko gbígbẹ tí a fi bo ilẹ̀ nìkan ò tó o. Púpọ̀ nínú kábọ́ọ̀nù rẹ̀ ni àwọn kòkòrò náà ń mí padà sínú afẹ́fẹ́. Àmọ́ ilẹ̀ oníyanrìn kì í gba kábọ́ọ̀nù dúró tó ilẹ̀ alámọ̀.