Bí mo ṣe kó dátà mi jáde lórí LinkedIn, tí mo sì dí ibi tí ọ̀gá ń gbà yọjú

Àkáǹtì LinkedIn, ìkànnì tí àwọn òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ti ń pàdé, tí òṣìṣẹ́ fi ímeèlì ọ́fíìsì ṣí kò tíì di tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́, ilé iṣẹ́ á ti ímeèlì náà pa, kóòdù tí ẹ nílò láti wọlé á sì máa lọ síbi tí ọwọ́ yín ò lè tó mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

Mo tẹ àwòrán ara mi lókè, mo wọ Settings & Privacy, mo bọ́ sí Sign in & security, mo sì fi ímeèlì tèmi kún èyí tó wà nílẹ̀. Ẹ dúró kí lẹ́tà ìfìdímúlẹ̀ dé, ẹ tẹ ìlíǹkì inú rẹ̀, kí ẹ tó sọ ímeèlì tuntun náà di primary, ìyẹn olórí ímeèlì àkáǹtì náà. Bí ẹ kò bá tíì ṣe èyí, wọn ò ní gbà kí ẹ yọ ti ọ́fíìsì kúrò. Abẹ́ orí kan náà ni Where you're signed in wà: mo yọ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì níbẹ̀, mo pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù, mo sì tan two-step verification, tó máa ń béèrè kóòdù lẹ́yìn páásíwọ́ọ̀dù. Nọ́ńbà fóònù tèmi ni mo fi sí i, kì í ṣe èyí tí ilé iṣẹ́ ń sanwó rẹ̀.

Ẹjọ́ Linda Eagle ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ó wà lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ Edcomm sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n lé e lọ́dún 2011, àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti mọ páásíwọ́ọ̀dù LinkedIn rẹ̀. Ilé iṣẹ́ pa á dà, wọ́n yọ orúkọ àti àwòrán rẹ̀, wọ́n fi ti ọ̀gá tuntun rọ́pò. Lọ́dún 2013, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Pennsylvania sọ pé wọ́n lo orúkọ rẹ̀ láìtọ́. Síbẹ̀, kò rí kọ́bọ̀ gbà ní owó gbà-má-bínú. Ó jàre, ọwọ́ òfo ló sì bá lọ sílé.

Kí n tó tún ohunkóhun kọ sójú ewé mi, mo lọ sí Visibility nínú Settings kan náà, mo pa Share job changes, education changes, and work anniversaries. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, gbogbo ẹni tó so mọ́ yín, ọ̀gá yín pẹ̀lú, lè gbọ́ nípa iṣẹ́ tuntun kí ẹ tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ó wá kan kíkó dátà jáde. Lórí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ti ṣe é. Ní Data privacy, ẹ tẹ Get a copy of your data. Ẹ lè mú fáìlì díẹ̀, bíi Connections (orúkọ àwọn tó so mọ́ yín) nìkan, tàbí kí ẹ béèrè fún gbogbo rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo béèrè. Apá kan máa ń dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyókù lè gbà tó wákàtí 24. Ẹ tètè gbà á sílẹ̀ bí lẹ́tà bá ti dé, torí ìlíǹkì náà kì í pẹ́ kú. Ẹ̀tọ́ yín ni: òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún yín láṣẹ láti gba ẹ̀dà ohun tí wọ́n kó jọ nípa yín, bẹ́ẹ̀ náà ni òfin GDPR fún àwọn ará wa tó wà ní Yúróòpù àti Bìrìtìkó.

Nínú fáìlì zip tí wọ́n di gbogbo rẹ̀ sí, Connections.csv, tábìlì orúkọ àwọn tó so mọ́ yín, ló níye lórí jù. Ẹ má kàn tẹ̀ ẹ́ kó ṣí fúnra rẹ̀ nínú Excel, torí orúkọ Yorùbá tó ní àmì lábẹ́ máa ń dàrú: lẹ́tà “ẹ” á di áº¹, “ṣ” á di á¹£. Ẹ ṣí ìwé òfìfo, ẹ lọ sí Data, ẹ mú From Text/CSV, kí ẹ yan 65001: Unicode (UTF-8) níbi File Origin. Ìlà àlàyé mélòó kan wà lókè tí ẹ ó pa rẹ́ kí àkọlé tó bọ́ sípò: orúkọ, ìlíǹkì, ímeèlì, ilé iṣẹ́, ipò, àti ọjọ́ tí ẹ so pọ̀.

Ẹ ó rí i pé ibi tó yẹ kí ímeèlì wà ṣófo fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Fáìlì yín ò bàjẹ́ o. Ẹni náà ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé kí àwọn tó so mọ́ òun kó ímeèlì òun jáde, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Níbí ni agbára ìkànnì náà wà: àwa la mọ ara wa, àmọ́ ọ̀dọ̀ Microsoft, tó ra LinkedIn lọ́dún 2016 ní bílíọ̀nù 26.2 dọ́là, la ti ń gba ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ara wa. Mo ṣa orúkọ àwọn tí mo lè pè bí iṣẹ́ bá bọ́, àwọn tó lè jẹ́rìí sí iṣẹ́ mi, àti àwọn tá a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ kan náà. Mo kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tọrọ nọ́ńbà, mo sì fún wọn ní tèmi. Iṣẹ́ yìí ló gba àkókò jù, òun ló sì wúlò jù.

Ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ ń kó wọlé náà. Lọ́dún 2008, ilé ẹjọ́ gíga ní Ìlú Ọba pàṣẹ fún òṣìṣẹ́ kan tó ti kúrò ní Hays, ilé iṣẹ́ tó ń bá ènìyàn wáṣẹ́, pé kó gbé ìwé tó jẹ mọ́ LinkedIn rẹ̀ kalẹ̀, torí wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó kó ímeèlì àwọn oníbàárà ilé iṣẹ́ síbẹ̀. Nítorí náà mo pa Sync contacts, tó ń kó ìwé orúkọ inú fóònù tàbí ímeèlì wọ LinkedIn, n kò sì jẹ́ kí ìwé orúkọ ọ́fíìsì kan án rárá.

Open to Work, àmì tó ń sọ pé ẹ ń wá iṣẹ́, ni ọ̀pọ̀ ti ń kó sí wàhálà. Bí ẹ bá fi òrùka aláwọ̀ ewé sára àwòrán, gbogbo ayé ti rí i. Bí ẹ bá mú Recruiters only, wọ́n á gbìyànjú láti fi í pamọ́ fún àwọn agbanisíṣẹ́ inú ilé iṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ sọ̀yà. Orúkọ ilé iṣẹ́ tí ẹ kọ sójú ewé ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Òṣìṣẹ́ báńkì l'Ékòó tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ mìíràn ló gbà á fún báńkì, tó wá kọ orúkọ báńkì nìkan, ẹni tó ń san owó oṣù rẹ̀ gan-an lè rí i. Òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má tan án rárá. Ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ń gbani síṣẹ́ fúnra yín.

Mo pa Connections visibility kí ẹnikẹ́ni má bàa ka àwọn tí mo mọ̀ tán. Ẹni tẹ́ ẹ jọ mọ̀ ṣì máa ń hàn o, torí náà bí ẹ bá ń gbèrò ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹ má ṣe é lórí LinkedIn.

Ní Data privacy, mo pa Data for Generative AI Improvement, tó ń jẹ́ kí wọ́n fi dátà wa kọ́ ẹ̀rọ AI wọn, tí wọ́n ti tàn sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wa láìbéèrè. Pípa á ò ní kó ohun tí wọ́n ti lò jáde, ọjọ́ iwájú nìkan ló wà fún. Mo pa àwọn tó wà ní Advertising data, ìyẹn lílo dátà wa fún ìpolówó, náà. Lọ́dún 2024, àjọ ààbò dátà Ireland bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 310 yúrò lé LinkedIn lórí ọ̀rọ̀ ìpolówó yìí.

Fáìlì zip náà ní gbogbo lẹ́tà ìkọ̀kọ̀ yín nínú. Ẹ má ṣí i lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ẹ má sì fi ránṣẹ́ gba ímeèlì ọ́fíìsì. Orí fláàṣì tó ní páásíwọ́ọ̀dù ni mo kó tèmi sí, mo sì pa èyí tó kù nínú Downloads rẹ́, títí kan inú Recycle Bin.