Níbo gan-an ni ẹ̀rù ti bà yín? Bí a ṣe ń sọ èrò wa lórí fíìmù ẹlẹ́rù àti sinimá àtijọ́

"Fíìmù yẹn le gan-an." "Ẹ̀rù bà mí kọjá bẹ́ẹ̀." Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni mo máa ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìjẹ̀bú-Òde tí àwọn oníbàárà bá ń sọ ohun tí wọ́n wò mọ́jú. Ìbéèrè kan náà ni mo máa ń bi wọ́n: níbo gan-an? Nígbà tí ẹ̀rù bà yín yẹn, kí lẹ̀ ń wò, kí lẹ sì ń gbọ́? Ẹni tó bá rí èyí dáhùn ti ní èrò lórí fíìmù. Ẹni tí kò bá rí i dáhùn, ó wò ó lóòótọ́, àmọ́ èmi tí mo tẹ́tí sí i kò rí nǹkan kan mú lọ.

Aránṣọ ni mí. Tí mo bá ti kó iṣẹ́ sílẹ̀ lálẹ́, fíìmù ló kù, pàápàá èyí tó ń dẹ́rù bani, àti àwọn sinimá àtijọ́ tí àwọn òbí wa wò kí wọ́n tó bí wa. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti di olùwòran bíi tèmi. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà náà máa ń wá bá wa lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, a ó sì jọ sọ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí a ṣe ń ṣe é ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí. Ó dùn mí púpọ̀ tí fíìmù tó dára bá kọjá lọ láàárín wa nítorí pé àwọn tó wò ó kò mọ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́.

Bí ẹ ṣe máa wò ó

Ẹ pa iná yàrá. Ẹ ki íàpíìsì bọ etí, nítorí ìdajì ẹ̀rù inú fíìmù, etí ló ń gbà wọlé, ohùn tín-ín-rín tó ń ti ara fóònù jáde kò sì lè gbé e. Tó bá jẹ́ fíìmù aláwọ̀ dúdú àti funfun, ẹ jẹ́ kí ojú fóònù mọ́lẹ̀ dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ohun tí wọ́n fi pamọ́ sínú òkùnkùn kò ní yàtọ̀ sí òkùnkùn lásán. Ẹ má wò ó níbi tí ẹ ti ń dín àkàrà tàbí tí ẹ ti ń lọ aṣọ. Tí iná bá lọ láàárín, tó wá jẹ́ pé ọjọ́ kejì lẹ parí rẹ̀, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù tí wọ́n fi wákàtí kan kó jọ ti tú ká nìyẹn, fíìmù kọ́ ló jẹ̀bi.

Kí ẹ tó sùn, ẹ kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n aṣọ sí ni mo máa ń kọ tèmi sí. Mi kì í kọ "ó dára" tàbí "kò dára". Ìran tó mú mi ni mo ń kọ: "ọwọ́ lára ilẹ̀kùn, kò sí orin", "obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín". Tí ilẹ̀ bá fi mọ́ láìkọ ọ́, ìtàn nìkan ló máa ṣẹ́ kù lọ́kàn yín, ẹ̀rù ibẹ̀ á sì ti lọ.

Irú ẹ̀rù wo ni?

Ẹ̀rù pọ̀ ní oríṣi. Ọ̀kan jẹ́ àyà jíjá: nǹkan fò yọ, ariwo bú, ẹ ta gìrì. Kò sẹ́ni tí kò lè ṣe ìyẹn. Ẹni tó bá gbá ilẹ̀kùn lójijì ti ṣe é. Ọ̀kan jẹ́ ìríra, ẹ̀jẹ̀ àti ìfun, kí èèyàn gbójú kúrò. Ọ̀kan jẹ́ jìnnìjìnnì tó ń bo èèyàn díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ohunkóhun kò tíì ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan sì wà tí kì í dé àfi tí fíìmù bá ti parí, tí ìtọ̀ ń gbọ̀n yín, tí ilé ìtọ̀ sì wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ sọ èyí tó jẹ́. Lójú tèmi, àyà jíjá ló rọrùn jù, òun náà ló sì kéré jù níyì. Fíìmù tó mú yín fò lórí àga léraléra, tí ẹ sì sùn fọnfọn lẹ́yìn rẹ̀, kò ṣe iṣẹ́ púpọ̀.

Èyí tí mo kà sí jù ni ẹ̀rù ohun tí a kò rí. Ṣàgámù ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Tí orò bá ń jáde, obìnrin kì í wà níta. Ìyá mi àgbà á ti fèrèsé, á ní kí a má tan iná, gbogbo àwa ọmọbìnrin á sì jókòó sórí ẹní. A ó máa gbọ́ ohùn orò lókèèrè. Á súnmọ́, á súnmọ́ sí i, á tún jìnnà. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Àbúrò mi á di ìka mi mú títí á fi máa ro mí. Ohùn yẹn ni mo fi ń wọn fíìmù ẹlẹ́rù títí dòní: ṣé ẹni tó ṣe é mọ̀ pé ohun tó wà lóde tí a kò rí le ju ohun tó gbé síwájú wa lọ?

Alfred Hitchcock, olùdarí fíìmù, mọ̀ ọ́n. Nínú Psycho tó ṣe ní 1960, ìran ilé ìwẹ̀ ni gbogbo ayé ń sọ. Ẹ wò ó tán, kí ẹ wá ṣe ohun tí mo máa ń ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ṣe: ẹ dá a padà, kí ẹ pa ohùn rẹ̀. Ẹ ó rí i pé ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gún èèyàn níbẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara. Wọ́n gé àwòrán náà wẹ́wẹ́ ni: ojú, ọwọ́, omi, ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń bá omi ṣàn lọ, ṣokoléètì olómi ni, nítorí kò sí àwọ̀ nínú fíìmù náà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dijú, kí ẹ jẹ́ kí ohùn rẹ̀ máa dún. Ohun èlò olókùn nìkan ni Bernard Herrmann lò fún orin rẹ̀, fáólíìnì àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Kò sí ìlù, kò sí fèrè. Hitchcock fúnra rẹ̀ kò kọ́kọ́ fẹ́ orin kankan níbẹ̀. Ìgbà tó gbọ́ ti Herrmann ló yí ọkàn padà. Ẹni tó bá ti ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan ti mọ ibi tí ẹ̀rù rẹ̀ ti wá, ó sì lè sọ ọ́ kó yé ẹlòmíì.

Tó bá jẹ́ sinimá àtijọ́

Ẹ kọ́kọ́ sọ ọdún rẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe é, àti ohun tí àwọn tó ṣe é ní lọ́wọ́. Ọmọ iṣẹ́ mi kan wo Nosferatu tí F. W. Murnau ṣe ní Jámánì ní 1922, ó ní ó ń falẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni, sinimá kò tíì ní ohùn nígbà náà. Mo ní kó lọ tún ibi tí òjìji Max Schreck, òṣèré tó ṣe amùjẹ̀ inú rẹ̀, ti ń gun àtẹ̀gùn wò, kó wá sọ ohun tó rí fún mi. "Àǹtí, ọwọ́ rẹ̀ ń gùn sí i." Ó ti rí i nìyẹn. Iná, ògiri àti èèyàn kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe é. "Ó ń falẹ̀" kì í ṣe ọ̀rọ̀ burúkú, àmọ́ ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ bi ara yín pé kí ni ìfalẹ̀ yẹn ń ṣe fún wa. Ẹ tún lè sọ bí fíìmù náà ṣe yè é. Ìtàn Dracula, ìwé amùjẹ̀ tí Bram Stoker kọ, ni wọ́n mú láìgba àṣẹ. Opó Stoker pè wọ́n lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n run gbogbo ẹ̀dà rẹ̀, àmọ́ díẹ̀ bọ́. Tí mo bá ti sọ ìyẹn, ẹni tó ní òun ò wo fíìmù odi á ní kí n fi ránṣẹ́ sí òun.

Ẹni tó bá ní dúdú àti funfun ti di ohun àtijọ́, ẹ ní kó lọ wo Mami Wata tí C.J. Obasi gbé jáde ní 2023. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é láìní àwọ̀ ni, Lílis Soares, obìnrin ará Brazil tó wà nídìí kámẹ́rà rẹ̀, sì gba ẹ̀bùn ní Sundance, àjọ̀dún fíìmù ní Amẹ́ríkà, lórí iṣẹ́ náà. Tí ẹ kò bá sì fẹ́ náwó, Night of the Living Dead ti George Romero, 1968, wà lọ́fẹ̀ẹ́ láìjalè. Nígbà tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, àmì ẹ̀tọ́ oníǹkan kò sí lára rẹ̀ mọ́, ó sì di ti gbogbo ayé lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà.

Tiwa ńkọ́? Ọmọ Ọ̀sọsà ni Hubert Ògúndé, nítòsí wa níbí. Ó gbé Aiyé jáde ní 1979, Ola Balogun ló darí rẹ̀. Jáiyésinmi tẹ̀ lé e ní 1980. Ògúndé fúnra rẹ̀ ló ṣe Ọ̀sẹ́túrá, babaláwo tó dojú kọ àwọn àjẹ́. Fíìmù wọ̀nyí ṣọ̀wọ́n láti rí, nítorí náà ẹ̀dà tó sún mọ́ yín jù ni èyí tó wà lórí àwọn àgbà tó wò ó ní gbọ̀ngán. Ẹ lọ bá wọn kí wọ́n tó gbàgbé. Ẹ má bi wọ́n pé "Ṣé ó dùn?", torí "ó dùn o" lẹ máa gbọ́. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, kí ẹ wá bi wọ́n: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo lẹ jókòó sí? Kí làwọn èèyàn ṣe nígbà tí àwọn àjẹ́ yọ?" Bàbá Tíṣà tiwa dákẹ́ díẹ̀ nígbà tí mo bi wọ́n. Wọ́n ní àwọn abiyamọ ń fi ìborùn bo ọmọ wọn lójú, ẹnìkan lẹ́yìn ń pe Jésù kíkankíkan, kò sì sẹ́ni tó dìde lọ sílé. Èrò lórí fíìmù nìyẹn, ó pé pérépéré.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí ẹ bá rí fíìmù ìgbà yẹn tí èèyàn pòórá wáí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣẹ̀sín. Wọ́n á dá kámẹ́rà dúró, òṣèré kan á jáde, àwọn yòókù kò gbọdọ̀ mira, kámẹ́rà á sì tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà. Ẹ fi ìyẹn kún ohun tí ẹ máa sọ.

Òpin fíìmù

Ẹ má sọ ọ́. Ní 1960, Hitchcock ní kí ilé sinimá má gba ẹnikẹ́ni wọlé tí Psycho bá ti bẹ̀rẹ̀, títí dòní ni mi kì í sì í sọ ẹni tó kú nínú rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì wò ó. Ẹ sọ ọ́ dé ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ dúró. Tí ẹni méjì bá ti wò ó, kí wọ́n bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Tí ẹnu kò bá kò

Ìran ni kí ẹ fi bá ara yín jiyàn. Araromire ti Kúnlé Afọláyan, 2009, dára fún èyí: àwọn ọ̀rẹ́ méjì rí ère kan nínú ojúbọ àtijọ́ nínú igbó nígbà tí wọ́n ń sin ìjọba, ọdún méje ni wọ́n fi rí jájẹ, ọdún méje mìíràn tí nǹkan máa burú sì ń bọ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Bàbá, ẹ má bínú sà, mi ò gbà pé òòṣà ló ṣe é. Ẹ wo bí ọ̀kan nínú wọn ṣe ń wo èkejì láti ìbẹ̀rẹ̀." Bàbá ní, "O ṣé é, ojú rẹ ríran. Ta ló wá gbé ère yẹn padà wá?" Ó dákẹ́, ó lọ tún un wò lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo fẹ́ràn irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ dénú. Kò sẹ́ni tó bú ẹnikẹ́ni, àwọn méjèèjì sì rí ohun tí wọn kò rí tẹ́lẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ nínú wa, àjẹ́ àti ẹbọra kì í ṣe eré. Màmá tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kì í wo fíìmù ẹlẹ́rù, wọ́n ní ohun tó ń ba àwọn lẹ́rù ni pé àwọn tó ṣe é lè má gbàdúrà kí wọ́n tó fi aṣọ àjẹ́ tàbí ti ẹbọra sọ́rùn. Mi ò bá wọn jà. Ọ̀rọ̀ wọn sọ nǹkan gidi fún mi nípa ohun tí òṣèré ń gbé wọ̀.

Bí mo ṣe sọ Sinners fún àbúrò mi lórí WhatsApp

"Sinners, Ryan Coogler ló ṣe é, Amẹ́ríkà, 2025. Ìtàn 1932 ni, ní Mississippi. Ìbejì kan, Smoke àti Stack, padà láti Chicago, wọ́n fẹ́ ṣí ilé ijó; Michael B. Jordan ló ṣe àwọn méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Ẹnìkan tí gbogbo wọn mọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, ó ní àfi kí wọ́n pe òun wọlé. Ṣé o rántí pé màmá máa ń sọ fún wa pé tí a bá gbọ́ orúkọ wa lóru, ká má jẹ́? Ibẹ̀ lara mi ti bù máṣọ. Wunmi Mosaku, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Zaria, wà níbẹ̀. Wo ojú rẹ̀ nígbà tó fura. Ṣáájú ìyẹn, ọmọ pásítọ̀ kan ń ta gìtá, àwọn baba ńlá àti àwọn tí a kò tíì bí sì bọ́ sójú agbo. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rọra ń lọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀: wọ́n fẹ́ kí o fẹ́ràn àwọn èèyàn yẹn kí ewu tó dé. Má jẹ́ kí àwọn ọmọ wò ó. Má wò ó nínú bọ́ọ̀sì. Tí o bá wò ó tán, fi ìran tó mú ọ ránṣẹ́ sí mi kí o tó sùn."