Bí agolo ọ̀dà kan ṣe ba ère mẹ́wàá jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi to ère ọmọ ogun oníke mẹ́wàá pọ̀ kí n lè kùn wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò sì ga ju àtàǹpàkò lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fi bà wọ́n jẹ́. Bí mo ṣe ń kọ èyí, inú ṣì ń bí mi.

Ẹni tó ní àgbàlá á kàn gbé ère síta, á fín ọ̀dà àkọ́kùn sí i, ó parí. Fúláàtì lèmi ń gbé, àjà kẹrin, bákóńì mi ò sì gbà ju àga kan lọ. Bẹ́ẹ̀, ọ̀dà àkọ́kùn, práímà tí wọ́n ń pè é, kò ṣeé fò. Láìsí i, ọ̀dà tí a máa kùn lé e kì í di ike mú, ìka lásán á máa bó o.

Mo kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ àwọn ère, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ìdérí ìgò kí n lè rí ibi dì mú. Mo tò wọ́n sínú páálí ní bákóńì, mo gbo agolo dáadáa, mo bẹ̀rẹ̀ sí fín in. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, afẹ́fẹ́ ṣì ń rin. Wọ́n kúkú kọ ọ́ sára agolo pé kí a má lò ó báyìí, àmọ́ lẹ́tà yẹn kéré bí ẹyin iná orí! Atẹ́gùn tún ń fẹ́, mo bá ń fà sẹ́yìn kí ọ̀dà má baà ta sí mi lára. Àṣìṣe kejì nìyẹn. Nǹkan bí 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà ló yẹ kó wà láàárín agolo àti ère. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀dà á ti gbẹ lójú afẹ́fẹ́ kó tó débẹ̀, á wá bà lé e bí iyanrìn.

Ojú àwọn ọmọ ogun mi di sáńdípépà. Kò sí imú, kò sí ẹnu. Ibi tí mo ti ń wò wọ́n ni ìyá tó ń gbé nísàlẹ̀ mi ti kan ilẹ̀kùn: “Ṣé ilé lò ń kùn lókè ni? Òórùn yìí ti wọ yàrá wa.” Mo ní kí wọ́n má bínú.

Ìyà gan-an wá bẹ̀rẹ̀: bíbó ọ̀dà yẹn kúrò. Mo ri ère sínú isopropyl alcohol, irú spírítì kan tó máa ń mú ọ̀dà rọ̀, nínú ike onídèérí, mo ṣí gbogbo fèrèsé, mi ò sì jẹ́ kí iná kankan súnmọ́ ọn torí ó máa ń gbiná kíá. Ilẹ̀ mọ́, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín há a. Ẹ̀yìn àti àyà mọ́ lójú ẹsẹ̀, inú mi dùn. Abíyá ńkọ́? Abẹ́ ìgbànú ńkọ́? Rárá o. Mo tún rì wọ́n, mo tún há wọn, ọ̀kọ̀ kan kán. Ní alẹ́ kẹta, abẹ́rẹ́ ni mo fi ń yọ ọ̀dà létí ère, bí ẹni ń yọ ẹ̀gún. Mẹ́jọ ló mọ́. Méjì kọ̀ jálẹ̀.

Mo wá ra práímà olómi inú ìgò, èyí tí a ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn. Kò rùn. Ìkùn àkọ́kọ́ burú lójú, ó ń yọ fóòmù, ó sì dà bíi pé ó ti bo gbogbo iṣẹ́ ọnà ojú ère. Ọwọ́ ń yún mi láti tún un ṣe, mo fi sílẹ̀. Nígbà tó gbẹ, ó sún kì, ó lẹ̀ mọ́ ara ère, mo rí eyín ọmọ ogun kan! Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀: agolo kankan ò lè ṣe é jù bẹ́ẹ̀. Mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí n tó kun nǹkan mìíràn lé e. Búrọ́ọ̀ṣì tó ti gbó ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Tèmi ti di igi.

Ká ní mo mọ̀ ni, ìgò práímà yẹn ni ǹ bá kọ́kọ́ rà. Tó bá sì jẹ́ agolo lẹ ní, ṣíbí oníke ni kí ẹ kọ́kọ́ fín in sí wò. Ìbòmú eruku lásán ò dá òórùn rẹ̀ dúró o, mo ti dán an wò.

Àwọn méjì tó kọ̀ jálẹ̀ yẹn, mo kùn wọ́n bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ìjì eruku kọjá. Àwọn ni gbogbo ẹni tó bá wá sílé mi kọ́kọ́ ń yìn.