Halloween ní London: Àwọn Àṣìṣe Tó Yẹ Kí Ẹ Yẹra Fún

Alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ni Halloween, tí àwọn ọmọdé máa ń múra bí iwin, tí wọ́n á máa kan ilẹ̀kùn ilé kiri láti gba súìtì. Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, kì í ṣe iwin ló ń ṣe ọmọ léṣe ní London. Iná ni, mọ́tò ni, ilẹ̀kùn tí kò yẹ ká kàn sì ni. Àmọ́ láàárín àwa Yorùbá tó wà ní Peckham àti Woolwich, ohun tó máa ń gba ẹnu wa ni bóyá Halloween jẹ́ ti Sátánì tàbí eré lásán. A óò jà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, a óò jà á lórí WhatsApp, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, tí àwọn ọmọ yóò sì ti bá ẹgbẹ́ wọn jáde láìsí àgbà tó kọ́ wọn ní nǹkan kan. Àṣìṣe tó bí àwọn tó kù nìyẹn. Ẹni tí kò fẹ́ ẹ rárá ṣì gbọ́dọ̀ mọ bí alẹ́ ọjọ́ náà ṣe ń lọ.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni aṣọ olówó pọ́ọ́kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbẹ́là. Ní 2014, aṣọ Halloween tí ọmọ Claudia Winkleman, gbajúmọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí tẹlifíṣàn, wọ̀ gbiná láti ara àbẹ́là, ó sì jó ọmọ náà gan-an. Ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ pé ohun ìṣeré ni òfin ibẹ̀ ka irú aṣọ bẹ́ẹ̀ sí, àti pé ìdánwò iná tí aṣọ ìwọ̀sùn ọmọdé ń là kọjá le ju tirẹ̀ lọ. Ẹ má ra èyí tí kò ní àmì CE tàbí UKCA, tó ń fi hàn pé ó bá òfin ààbò mu. Ẹ má fi aṣọ tó ń wọ́ nílẹ̀ sọ́rùn ọmọ tó máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú elégédé tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀, tí wọ́n tan àbẹ́là sí i fún ọ̀ṣọ́ Halloween. Ní ilé tiyín, iná oníbátìrì ni kí ẹ fi sínú elégédé. Kí ọmọ tó jáde, ẹ kọ́ ọ pé bí iná bá mú aṣọ rẹ̀, kò gbọdọ̀ sáré: kó dúró, kó dùbúlẹ̀, kó máa yí gbirigbiri nílẹ̀. Tó bá sì jóná, omi ẹ̀rọ tó tutù ni kí ẹ jẹ́ kó máa ṣàn sí i fún ìṣẹ́jú 20. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa ló fi kọ́ wa, ṣùgbọ́n epo a máa há ooru mọ́ ara. Bí ojú iná náà bá tóbi, tàbí tó kan ojú ọmọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá.

Ilẹ̀kùn ló kàn. Ẹni tó dàgbà ní Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú mọ̀ pé a lè ya ilé aládùúgbò nígbàkigbà. Ní London, ilé tó bá gbé elégédé síta, tàbí tó so ọ̀ṣọ́ Halloween mọ́ ẹnu ọ̀nà, ló ń retí àwọn ọmọ. Èyí tó bá ṣókùnkùn, ẹ fi í sílẹ̀. Àgbàlagbà tó ń dá gbé lè wà nínú rẹ̀, tí agogo tó ń dún léraléra yóò kó ìpayà bá. Ilé tó bá lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé òun kò fẹ́, ẹ máa lọ. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe é náà lè lẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀, tàbí kí ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ sí àríyá ìmọ́lẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe fún àwọn ọmọdé dípò Halloween. Èyí tí kò dára ni kéèyàn ṣílẹ̀kùn, kó wá máa fi ọ̀run àpáàdì halẹ̀ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ tí kò ju ọdún mẹ́fà lọ. Ẹ̀rù ará ilé yẹn nìkan ni ọmọ náà yóò gbé lọ sílé.

Àwọn ọ̀dọ́ ńkọ́? Ẹni tó ń ju ẹyin àti ìyẹ̀fun lu ilé onílé rò pé eré ni. Ọlọ́pàá lè pè é ní bíba ohun ìní jẹ́, ọmọ ọdún 10 sókè sì lè jẹ́jọ́ ní England. Báńgà náà ní òfin: ẹni tí kò tó ọdún 18 kò gbọdọ̀ mú un rìn níta, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ yìn ín lójú títì.

Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹwàá ni wọ́n ń dá agogo padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, nítorí náà oòrùn ti wọ̀ kí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 31 tó lù. Ìbòjú oníhò kékeré kò ní jẹ́ kí ọmọ rí mọ́tò tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ kun ojú rẹ̀ dípò bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fún un ní tọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀kan wà tó ń dùn mí lọ́kàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀kú eégún ṣe aṣọ Halloween. Ará ọ̀run ni eégún, baba ẹni tó wá bẹ ọmọ wò. Ó ní ilé tó ti jáde wá, ó ní oríkì, ó ní atọ́kùn tó ń tẹ̀ lé e. Kéèyàn gbé e wọ̀ láàárín àwọn tó ṣe ara wọn bí òkú tó jẹrà jẹ́ ìtàbùkù fún ìdílé tó ni ín, kódà bí ẹni tó wọ̀ ọ́ kò bá gba eégún gbọ́.

Ẹ̀yin àgbà tó ń lọ sí àríyá, ẹ má ra awò aláwọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú ní ọjà tàbí ṣọ́ọ̀bù aṣọ. Òfin ní kí ó jẹ́ lábẹ́ àbójútó onímọ̀ ojú tàbí dókítà, nítorí ó lè dá egbò sí ẹyinjú. Láti oṣù Kẹfà 2008, ọtí mímu ti di èèwọ̀ nínú bọ́ọ̀sì àti rélùwéè abẹ́ ilẹ̀. Rélùwéè tó ń ṣiṣẹ́ mọ́jú kò sì sí ju alẹ́ Jímọ̀ àti Sátidé lọ, lórí ìlà díẹ̀ nìkan. Bí Halloween bá bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ ti mọ bọ́ọ̀sì òru tí ẹ máa wọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ má wọ mọ́tò àdáni tó kàn dúró níwájú yín tí ẹ kò pè tẹ́lẹ̀; takisí dúdú nìkan ló lè gbé èrò lójú títì.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ má sọ elégédé sínú igbó tàbí pápá pé kí ẹranko jẹ ẹ́. Ó máa ń da inú rú fún hedgehog, ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún tó yẹ kó ti máa sanra sílẹ̀ de òtútù. Inú ike ìdọ̀tí oúnjẹ ni kí ẹ sọ ọ́ sí. Ẹran inú rẹ̀ tí ẹ gbẹ́ jáde lọ́jọ́ tí ẹ gé e, bí kò bá tíì bàjẹ́, ẹ fi se ọbẹ̀.