Kí N Pààrọ̀ Jíìpù Mi Ni, Àbí Kí N Ṣì Máa Lò Ó? Bí Mo Ṣe Yanjú Ẹ̀

Ọ̀rá dúdú kan tó ń kán sílẹ̀ lẹ́yìn táyà iwájú lápá òsì ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Mo nù ún lọ́jọ́ Sátidé, ó tún yọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Land Cruiser 80 ni jíìpù náà, ọdún 1994 ni wọ́n ṣe é, ó sì ti sìn mí fún ọ̀pọ̀ ọdún láìbá mi fa wàhálà. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ọ̀rẹ́ mi kan wa jíìpù tuntun tirẹ̀ dé, ó ní kí n wọlé kí n wá jókòó. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, mi ò gbọ́ ọ. Àga gbà mí mọ́ra. Nígbà tí mo padà sídìí tèmi tí mo ti ilẹ̀kùn, ó dún gbàgà bí ìgbà tí páànù já lulẹ̀, inú mi sì bà jẹ́. Ìtìjú ni láti sọ, àmọ́ ojúkòkòrò lásán ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó mi ló dá mi dúró. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, kí ni tuntun yẹn máa bá wa ṣe tí èyí kì í ṣe?" Mo la ẹnu, mi ò rí nǹkan kan sọ.

Ni mo bá ra ìwé kékeré kan, mo jù ú sínú mọ́tò. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo fi ń kọ gbogbo ìrìn tí mo bá rìn sínú rẹ̀: ibi tó jìn dé, ẹrù tí mo gbé, irú ọ̀nà tó jẹ́. Ká ní ẹnikẹ́ni bi mí kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo lè búra pé inú ẹrẹ̀ àti orí òkúta ni mo máa ń wà. Irọ́ ni. Nínú ìrìn mẹ́wàá, méje ni kò tó kìlómítà 10. Méjì jẹ́ ọ̀nà jíjìn lórí títì tó dáa. Ẹyọ kan péré ló nílò kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà. Ẹ fi méje inú mẹ́wàá yẹn sọ́kàn, mo máa padà sórí rẹ̀.

Mo wá gbé mọ́tò lọ bá bàbá mẹkáníìkì tí mo ti ń bá ṣe tipẹ́. Èmi fẹ́ kó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. Ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ẹ́ńjìnnì ṣeé pààrọ̀, gíáà ṣeé pààrọ̀. Ṣásí, irin gbọọrọ tó gbé gbogbo mọ́tò ró, ńkọ́? Bọ́ sábẹ́ ẹ̀." Ó na òòlù kékeré kan àti sukudiráfà sí mi.

Iṣẹ́ yìí kò ṣòro, ó kàn ń dọ̀tí ni. Ẹ ó máa fi òòlù kan irin ṣásí jẹ́jẹ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó le máa ń dún gooro. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ nínú máa ń dún bọ̀lọ̀, bí ẹni kan páálí. Ibi tó bá dún bọ̀lọ̀, ẹ fi ẹnu sukudiráfà tì í. Bó bá wọlé, ọ̀rọ̀ ti di ti wẹ́dà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí kíkùn tuntun tí wọ́n fi bo abẹ́ mọ́tò tàn yín jẹ o, nítorí pé òun gan-an ni wọ́n fi ń bo ihò. Ibi tí ẹrẹ̀ ti máa ń há ni kí ẹ ti pẹ́ jù: ìdí ibi tí bọ́dì gbé jókòó lé ṣásí, òkè ọ̀pá tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, àti inú irin ṣásí fúnra rẹ̀, torí pé ihò ni inú rẹ̀, omi tó bá wọbẹ̀ kì í tètè jáde. Mo lò tó wákàtí méjì lábẹ́ rẹ̀. Ibi méjì lẹ́yìn ti dípẹtà lókè ara, àmọ́ sukudiráfà kò wọ ibì kankan. Mo jáde pẹ̀lú erùpẹ̀ lójú, ọkàn mi sì ti fúyẹ́ díẹ̀.

Ó wá kan ọ̀rá tó ń kán. Irin gbọọrọ kan ṣoṣo ló so táyà iwájú méjèèjì pọ̀ lára jíìpù yìí, bíi ti ẹ̀yìn gẹ́lẹ́. Ní ìpẹ̀kun irin náà lọ́tùn-ún lósì, bọ́ọ̀lù irin ńlá kan wà níbẹ̀, inú rẹ̀ sì ni oríkèé tó ń jẹ́ kí táyà máa yí kó sì máa yà pọ̀. Gírísì ló ń gbé inú bọ́ọ̀lù. Ọ́ìlì gíáà ló ń gbé inú dífù, ìyẹn àpótí gíáà tó wà lára irin gbọọrọ yẹn tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì. Síìlì róbà kékeré kan ló pààlà sáàárín wọn. Bí síìlì yẹn bá gbó, ọ́ìlì á ya lu gírísì, gírísì á di omi, á sì máa gba etí bọ́ọ̀lù jáde. Ohun tí mo ń nù nílẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ìdọ̀tí lásán, nítorí pé oríkèé tí gírísì ti ṣàn kúrò lára rẹ̀ ń fi irin ha irin. Ẹ̀bi ta ni? Tèmi ni. Láti ọjọ́ tí mo ti ń wà á, mi ò ṣí ibẹ̀ wò rí.

Bàbá fi jáàkì gbé iwájú sókè. Mo di òkè táyà mú, mo di ìsàlẹ̀ mú, mo mì ín. Ó ń ṣe jẹ́gẹ́jẹ́gẹ́. Bàbá ní kí ọmọṣẹ́ rẹ̀ wọlé lọ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí n tún mì ín. Kò dáwọ́ dúró. Ọgbọ́n kékeré yìí wúlò fún mi gan-an: bí jẹ́gẹ́jẹ́gẹ́ yẹn bá parẹ́ nígbà tí bíréèkì mú, béárìn táyà ló tú, bí kò bá parẹ́, béárìn tó di bọ́ọ̀lù mú lókè àti nísàlẹ̀ ló ti jẹ. Tèmi kò parẹ́.

Ẹ́ńjìnnì kò gba àkókò. 1HZ ni, díẹ́sẹ̀lì lítà 4.2 tí kò ní tọ́ọ̀bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i. Mo fi sílẹ̀ di àárọ̀ kó tutù pátápátá, mo sì tan án: èéfín díẹ̀, ó pòórá. Kò sí ìfófòó nínú radiétọ̀, kò sí èyí tó dà bí ọ̀rá lójú omi. Bẹ́líìtì táímíìn, èyí tó ń mú kí àwọn ẹ̀yà inú ẹ́ńjìnnì máa yí pọ̀ lásìkò, nìkan ni mi ò rántí ọdún tí a ti pààrọ̀ rẹ̀, ìyẹn nìkan sì ti tó láti pààrọ̀ rẹ̀.

Mi ò fẹ́ dá ẹjọ́ lápá kan, torí náà mo wa jíìpù àlòkù kan tó jẹ́ ti ọdún 2016 láti fi wéra. Kí n má purọ́, ó dáa ju tèmi lọ ní ọ̀nà tó pọ̀. Ó ń gun òkè láìmí gúlegúle. Bí ẹ bá ya kọ́nà, kò dùbúlẹ̀ bíi tèmi. Àmọ́ díẹ́sẹ̀lì òde òní ní fílítà kan nínú sàlẹ́ńsà tó ń gba èérí èéfín pamọ́, tó sì ní láti gbóná gan-an kó tó lè jó èérí náà dànù. Ó ń fẹ́ kí wọ́n sáré lórí títì fún ìgbà pípẹ́ díẹ̀. Ẹni tó bá ń rìn kìlómítà mẹ́fà, tó pa á, tó tún rìn kìlómítà márùn-ún, fílítà yẹn á dí mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ rántí méje inú mẹ́wàá. Bí mo ṣe ń lo mọ́tò ni kò bá tuntun yẹn lára mu, kì í ṣe pé òun kò dáa.

Ọ̀rọ̀ epo ni gbogbo ènìyàn fi ń gbà mí níyànjú, torí náà mo ṣírò rẹ̀. Tèmi ń mu bíi lítà 13 ní kìlómítà 100. Ká fún tuntun ní 10. Kìlómítà 9,000 ni mò ń rìn lọ́dún. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ lítà 270 lọ́dún kan. Lítà 95 ni táńkì mi ń gbà, nítorí náà, ohun tí tuntun máa bá mi fi pamọ́ lọ́dún kò pé ẹ̀kún táńkì mẹ́ta. Mo tún kó rìsíìtì àtúnṣe ọdún mẹ́ta jáde, mo ro ó pọ̀ mọ́ owó iṣẹ́ oríkèé àti ti bẹ́líìtì. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́fà owó tí mo máa fi lé tèmi kí n tó lè gba ti 2016 yẹn. Ẹnikẹ́ni kì í sì í ṣírò ohun tí àlòkù ń fẹ́ ní oṣù àkọ́kọ́: táyà, bíréèkì, gbogbo ọ́ìlì rẹ̀.

Ibi tí mo ti há ni ọ̀rọ̀ ààbò. Níbẹ̀, mi ò lè gbèjà tèmi rárá. Kò ní àpò afẹ́fẹ́. Kò ní ẹ̀rọ tó ń fa bíréèkì táyà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí mọ́tò bá fẹ́ yọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Àga àárín lẹ́yìn, bẹ́líìtì ìbàdí lásán ló wà níbẹ̀. Ọdún 1997 ni Euro NCAP, àjọ tó ń dán ààbò mọ́tò wò nílẹ̀ Yúróòpù, kọ́kọ́ gbé èsì ìdánwò mọ́tò jáde. Ọdún yẹn ni wọ́n ń parí ṣíṣe irú tèmi yìí fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Àwọn tó ń sọ pé irin àtijọ́ nípọn, pé ìyẹn ni ààbò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀. Irin tí kò tẹ̀ nígbà ìkọlù, ara ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló máa gba agbára ìkọlù náà.

Òru ọjọ́ kẹta tí mo ti ń ro èyí ni ìyàwó mi tún sọ̀rọ̀: "Mọ́tò tèmi ńkọ́?" Tirẹ̀ kéré, ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é, ó sì ní gbogbo ohun tí mò ń ka àìsí rẹ̀ sílẹ̀ yìí pátá. Àṣé tuntun tí mò ń wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi látọjọ́ yìí. A fẹnu kò: ìrìn jíjìn tí àwọn ìbejì bá wà níbẹ̀, tirẹ̀ la ó gbé. Jíìpù á máa ṣe iṣẹ́ ẹrẹ̀, ti ẹrù àti ti ìtòsí.

Bí mo ṣe pinnu láti máa lò ó nìyẹn, àmọ́ ojúkòkòrò tún gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹnì kan ní kí n fi tọ́ọ̀bò sí i, kí n gbé e sókè, kí n wọ táyà ńlá fún un. Bàbá mẹkáníìkì wá mi orí pé rárá. Ó ní 1HZ tí wọ́n fi tọ́ọ̀bò sí láìṣọ́ bí iná inú rẹ̀ ṣe ń gbóná tó lè sán lórí. Bí ẹ bá sì gbé ìdúró rẹ̀ sókè, igun tí oríkèé iwájú fi tẹ̀ á yí padà, sítíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri lójú ọ̀nà àfi tí ẹ bá tún ìyẹn náà ṣe. Mo gbàgbé rẹ̀.

Ohun tí a ṣe gan-an gba ọjọ́ mẹ́ta. A tú iwájú lápá méjèèjì, a fọ gírísì tó ti di omi kúrò, a pààrọ̀ gbogbo síìlì àti béárìn. Oríkèé fúnra rẹ̀ ti jẹ díẹ̀, àmọ́ Bàbá kò jẹ́ kí n rà tuntun: ó gbé ti òsì sí ọ̀tún, ó gbé ti ọ̀tún sí òsì, kí ojú tí kò tíì jẹ lè wá máa gba iṣẹ́. A pààrọ̀ bẹ́líìtì táímíìn. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì irin ha ìpẹtà ẹ̀yìn, mo kùn ún, mo sì la àwọn ihò tí omi ń gbà jáde lára ṣásí tí ẹrẹ̀ ti dí. Táyà mi ṣì ní ojú dáadáa, àfi ìgbà tí mo ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT, àmì tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe táyà, lára rẹ̀, 2313: ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2013. Ara rẹ̀ ti ń sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dànù. Lẹ́yìn kìlómítà 500, mo tún fi jáàkì gbé e, mo mì ín. Ó dúró digbí.

Mo kọ nǹkan mẹ́ta sójú ewé tó kẹ́yìn ìwé kékeré yẹn, èyí tó máa jẹ́ kí n tà á láìjanpata: bí sukudiráfà bá wọ ṣásí níbi tí wẹ́dà kò lè dé; bí mo bá wá ẹ̀yà ara rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta tí mi ò rí i; bí ìrìn ọ̀nà jíjìn bá ju ìrìn ìtòsí lọ. Nígbà tí mo ṣí ìwé náà lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí i pé ìyàwó mi ti fi ìkẹrin kún un: "Bí ilẹ̀kùn yẹn bá tún dún gbàgà lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti sùn." Mo ti lọ fi gírísì sí ìdí ilẹ̀kùn.