Ẹ̀ ń wá M3 E46 mánúà? Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe

Àbúrò mi kan tó ń gbé Birmingham pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí i o!" Ó ti ju ọdún kan lọ tó ti ń wá BMW M3 E46, kùpé, mánúà, kò fẹ́ òmíì (E46 ni kódù ìran BMW 3 Series yẹn, M3 ni èyí tó lágbára jù nínú wọn). Ẹni tó ń tà á ti sọ fún un pé èèyàn méjì ń bọ̀ wá wò ó láàárọ̀ Mọ́ńdè, pé tó bá lè fi £1,000 ránṣẹ́ lálẹ́ yẹn òun á dá a dúró dè é. Mo ní kó má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Inú ẹ̀ ò dùn, mo gbọ́ ọ lóhùn ẹ̀, ṣùgbọ́n èmi náà ti wà nípò tó wà yẹn rí, mo sì mọ ohun tó ná mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n jókòó kọ èyí fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wá irú mọ́tò yìí nílùú ọba níbí.

Ohun tó kọ́kọ́ ń kó bá èèyàn ni "ó ti ṣọ̀wọ́n, tí mi ò bá rà á lónìí mi ò ní rí òmíì mọ́." Ẹ gbọ́, M3 E46 tí BMW ṣe láti 2000 títí dé 2006 lé ní 85,000. Òótọ́ ni pé tẹ́ ẹ bá yọ èyí tí òrùlé ẹ̀ ń ṣí kúrò, tẹ́ ẹ yọ SMG, èyí tí ẹ̀rọ ń bá ẹ pààrọ̀ jíà, kúrò, tẹ́ ẹ yọ àwọn tó ti fẹ̀yìn lu igi rí àtàwọn tí wọ́n ti gbé sàlẹ́ńsà aláriwo sí tí wọ́n sì ti gé sípíríǹgì wọn, ohun tó kù ò pọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò tíì tán nílẹ̀. Mánúà ò ṣọ̀wọ́n tó mánúà tó dáa. Ẹni tí ò bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí, ìbẹ̀rù ló máa fi ra mọ́tò, ẹni tó bá sì ń fi ìbẹ̀rù rajà, ojú ẹ̀ kì í rí àléébù. Ẹ má san owó àsansílẹ̀ lórí mọ́tò tẹ́ ẹ ò tíì fọwọ́ kàn, bó ti wù kí fọ́tò ẹ̀ dán tó.

Ẹ̀ẹ̀kejì, rírí pẹ́dà mẹ́ta nílẹ̀ kẹ́ ẹ wá gbà pé mánúà ló jáde ní kọ́ńpìnnì. Rárá o. SMG tí mo ń sọ yìí, jíà kan náà ni pẹ̀lú mánúà, jíà Getrag onípele mẹ́fà, ó kàn jẹ́ pé pọ́ǹpù kan ló ń bá ẹ tẹ klọ́ọ̀ṣì tó sì ń bá ẹ pààrọ̀ jíà, kò sí pẹ́dà klọ́ọ̀ṣì nílẹ̀. Pọ́ǹpù yẹn sì máa ń kú, owó àtúnṣe ẹ̀ ò kéré, bẹ́ẹ̀ ni mánúà sì wọ́n ju SMG lọ lọ́jà, nítorí náà àwọn èèyàn ń yọ SMG kúrò wọ́n ń gbé pẹ́dà sí i. Mi ò ní kí ẹ má ra èyí tí wọ́n yí padà o, tó bá jẹ́ ẹni tó mọṣẹ́ ló ṣe é, tó sì tún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì náà ṣètò kó mọ̀ pé òun ti di mánúà, mọ́tò gidi ni. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ wá lọ san owó mánúà kọ́ńpìnnì lórí ẹ̀, ìrẹ́jẹ nìyẹn. Ẹ gba VIN, nọ́mbà ìdánimọ̀ tí kọ́ńpìnnì kọ sára mọ́tò, ẹ fi méje tó gbẹ̀yìn wo àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe mọ́tò náà. Tẹ́ ẹ bá rí kódù 793 nínú ẹ̀, SMG ló jáde. Tẹ́nì kan bá sì sọ fún yín pé òun ní CSL, oríṣi M3 yìí tí BMW dín ìwúwo ẹ̀ kù, tó jẹ́ mánúà láti kọ́ńpìnnì, ẹ kí i kẹ́ ẹ máa lọ, CSL 1,383 ni wọ́n ṣe, kò sí ìkankan nínú wọn tó jáde ní mánúà.

Ibi tí mo fẹ́ dúró lé lórí dáadáa nìyí, tórí òun ló jẹ mí lówó. Ní 2016 mo ra M3 kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 2002, yẹ́lò, mánúà, ó mọ́ bí ẹyin. Mo lo wákàtí kan gbáko níwájú ẹ́ńjìnnì ẹ̀, mò ń gbọ́ bó ṣe ń dún, mò ń ya fọ́tò, mi ò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ "kọ̀" lẹ́yìn nígbàkígbà tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ó gbé e sókè, ó pè mí kí n wá wò ó fúnra mi. Páànù ilẹ̀ ọkọ̀ ti ya níbi méjì. Subframe ni wọ́n ń pe irin tó gbé táyà ẹ̀yìn dúró, bóòtì ló fi so mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ ní ojúkò mẹ́rin, páànù tó so mọ́ yẹn ò nípọn, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fà á síwájú sẹ́yìn lọ́dọọdún ni páànù ń rẹ̀ tí á wá ya. Gbogbo E46 ló lè ṣe é, ṣùgbọ́n agbára M3 pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, ìyà ẹ̀ sì pọ̀ jù. Àwọn kan wà tí BMW da fóòmù líle sínú wọn nígbà yẹn, ìyẹn ò mú ìṣòro náà kúrò pátápátá. Àtúnṣe tó máa ń tọ́jọ́ ni kí wẹ́dà tó mọ mọ́tò yìí tú gbogbo ẹ̀yìn sílẹ̀, kó jó ibi tó ya, kó wá fi páànù tó nípọn jó o mọ́ ojú ibẹ̀. Èyí tí mo san lórí tèmi ju £3,000 lọ, mo sì ti ná gbogbo owó tí mo ní lórí rírà ẹ̀ kí n tó mọ̀.

Nítorí náà tẹ́ ẹ bá débẹ̀, abẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, ẹ má tíì dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ ká kàpẹ́ẹ̀tì inú bọ́ọ̀tù kúrò, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó látòkè, kẹ́ ẹ sì tún wo abẹ́ láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú mọ́tò lórí jáàkì tó dáa, gbogbo ojúkò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tẹ́ ẹ bá rí i pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun abẹ́ ẹ̀ ní dúdú bọ̀lọ̀jọ̀, ẹ bi í léèrè ìdí, tórí ẹni tó tún un ṣe dáadáa á ti ya fọ́tò gbogbo ìgbésẹ̀ ẹ̀, inú ẹ̀ á dùn láti fi hàn yín. Mọ́tò tí wọ́n ti jó páànù mọ́ tí fọ́tò àti rísíìtì ẹ̀ sì wà dá mi lójú ju èyí tí oníǹkan ẹ̀ ń búra pé "tèmi ò ya rí" lọ.

Ẹ́ńjìnnì náà wá. Òun gan-an ni gbogbo wa torí ẹ̀ ń wá mọ́tò yìí, sílíńdà mẹ́fà lórí ìlà kan, 3,246cc, agbára ẹṣin 343, ó ń sáré dé ìyípo 8,000 ní ìṣẹ́jú kan kó tó ní ó tó. Àṣìṣe tó pọ̀ jù níbí ni kẹ́ ẹ débẹ̀ kẹ́ ẹ bá a pé ó ti ń ṣiṣẹ́, ó ti gbóná. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á láti ilé pé kó má tan án kẹ́ ẹ tó dé, tẹ́ ẹ bá débẹ̀ kẹ́ ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tí VANOS ẹ̀, ẹ̀rọ tó ń yí àkókò tí fáàfù ẹ́ńjìnnì ń ṣí padà, bá ti ń bàjẹ́, ẹ lè gbọ́ ọ, ó máa ń dún bí òkúta nínú agolo. Ẹ tún máa wo bí ẹni tó ń tà á gan-an ṣe ń wà á, ẹ ó rí iná kéékèèké olómi ọsàn lára aago tó ń ka eré ẹ́ńjìnnì, bí ọ́ìlì ṣe ń gbóná ni wọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ wọn ni láti sọ fún ẹ pé kò tíì tó àkókò. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójú yín nígbà tí iná yẹn ṣì wà, bó ṣe ń wà á láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Béárìn kọ́nrọ́ọ̀dù mọ́tò yìí, àwọn irin pẹlẹbẹ tí ọ̀pá písítìnnì ń yí lé lórí nínú ẹ́ńjìnnì, ò sì fẹ́ràn irú ìyẹn, BMW gan-an pe àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe padà kí wọ́n lè bá wọn pààrọ̀ ẹ̀, ẹ bèèrè bóyá wọ́n pààrọ̀ tiẹ̀ àti ìgbà wo. Ọ́ìlì 10W-60 ni wọ́n ṣe é fún, tẹ́ ẹ bá rí ọ́ìlì míì lórí rísíìtì, ẹ bèèrè ìdí.

Sítáàmpù inú ìwé sávíìsì ò tó o! Mo ti rí ìwé tó kún fún sítáàmpù mọ́kànlá tí kò sí rísíìtì kan ṣoṣo tó fi hàn pé wọ́n wo fáàfù ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé Inspection II, sávíìsì ńlá tí mọ́tò yìí ń ṣe, gbọ́dọ̀ ní wíwọn àyè fáàfù nínú. Ẹ ka rísíìtì, ẹ máa ka nǹkan tí wọ́n pààrọ̀, kì í ṣe iye ìgbà tí wọ́n lọ.

Èyí wá gbé mi dé ọ̀rọ̀ máìlì. Àwọn èèyàn wa fẹ́ràn máìlì kékeré jù, wọ́n á fi 120,000 tó ní fáìlì rísíìtì tó sanra sílẹ̀ wọ́n á lọ ra 45,000 tó ti jókòó ságárààjì fún ọdún mẹ́fà tí gbogbo rọ́bà ẹ̀ ti gbẹ, táyà ẹ̀ ti le bí igi. Ẹ lọ sórí ìkànnì ìjọba, ẹ fi nọ́mbà ọkọ̀ wo MOT ẹ̀, àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọkọ̀ ṣì dáa fún títì, látẹ̀yìnwá, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ máa rí máìlì ọdọọdún, tó bá lọ sílẹ̀ ní ọdún kan ẹ ti mọ̀. Ẹ tún ka gbogbo ìkìlọ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀, ibi tí ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀, sípíríǹgì tó kán, bréèkì tó jẹ tán, ọ̀rọ̀ ìpẹtà tó ń padà wá lọ́dún mẹ́ta léraléra kì í parọ́, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù níbí ń jẹ irin gan-an.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe ìdánwò ọkọ̀ wíwà pẹ̀lú ọ́tò níbí, ẹ jọ̀ọ́, láísẹ́ǹsì yín ò bo mánúà. Bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ti ń wa mánúà ní Ìbàdàn láti kékeré, ẹ gbọ́dọ̀ tún ìdánwò ṣe pẹ̀lú mánúà kẹ́ ẹ tó wà á wò, ìnṣọ́ránsì lè kọ̀ yín tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Mo mọ ẹnì kan tó ti san owó mọ́tò tán kó tó rántí.

Ẹni tó bá sì ní lọ́kàn láti rà á níbí kó gbé e ránṣẹ́ sílé, sítíárìn ọwọ́ ọ̀tún nìyẹn, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n sì ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà láti 1972. Tó bá jẹ́ ti ilé lẹ fẹ́, ẹ wá sítíárìn ọwọ́ òsì.

Lórí pépà, V5C, ìwé tí wọ́n fi forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ níbí, ò túmọ̀ sí pé ẹni tó mú un dání ló ni mọ́tò, ìwé náà fúnra ẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ san owó kékeré fún àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ìtàn ọkọ̀ kí wọ́n bá yín wò ó bóyá gbèsè wà lórí ẹ̀. Ẹ má lọ wò ó lálẹ́, ẹ má lọ nígbà òjò, ẹ má dá lọ. Ẹ mú ẹnì kan tí kò nífẹ̀ẹ́ mọ́tò náà dání, ojú tiẹ̀ á ríran.

Àbúrò mi lọ wo tiẹ̀ ní Túsìdeè, ó ṣì wà níbẹ̀, àwọn èèyàn méjì tí wọ́n ní wọ́n ń bọ̀ yẹn ò rà á. Ó ní kóun ká kàpẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀tù, ọkùnrin náà ní rárá, pé ó máa ba nǹkan jẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó wọ rélùwéè padà sílé. Ní báyìí ó ti rí òmíì ní Leeds, aláwọ̀ sílífà, 118,000 máìlì, fọ́tò mẹ́rìnlélógún tí wẹ́dà yà, rísíìtì béárìn wà níbẹ̀. Sátidé la jọ ń lọ. Mo ti bá oníǹkan ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo ní kó má tan án títí a ó fi dé, ó ní kò burú.